Ṣé O Mọ̀? Ìdánìkanwà Láàárín Èrò Ibi Iṣẹ́

Ṣé o mọ̀ pé báńkì kan ṣírò pé òun yóò rí èrè ńlá nítorí pé ó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ máa mu kọfí? Níbi tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà, ẹni méjì inú ẹgbẹ́ kan kì í dìde lọ sinmi pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé. Ó bọ́gbọ́n mu lójú ọ̀gá, torí fóònù kò gbọdọ̀ máa dún láìsí ẹni tí yóò gbé e. Àfìgbà tí àwọn olùwádìí láti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tí Alex Pentland jẹ́ aṣáájú wọn, fi ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ẹ̀rọ náà kì í gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń mọ̀ ni ẹni tó kọjú sí ẹnì kejì, bí ohùn wọn ṣe ń lọ sókè sódò, àti bí ìtàkùrọ̀sọ wọn ṣe pẹ́ tó. Ó wá hàn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń bára wọn sọ lẹ́yìn ìpàdé wà lára ohun tó ń mú kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan dára ju ti òmíràn lọ.

Pentland gba ọ̀gá ibẹ̀ nímọ̀ràn pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kan máa sinmi lásìkò kan náà. Ọ̀gá gbà. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń rẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, àkókò tí ìpè kan ń gbà dínkù pẹ̀lú ohun tó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní gbogbo ibùdó náà lápapọ̀, ó dínkù pẹ̀lú ìdá 8. Ni báńkì bá ní kí gbogbo ibùdó ìpè rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tí òṣìṣẹ́ wọn tó 25,000, máa ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé èrè ibẹ̀ yóò tó mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ́dún. Ọdún 2012 ni Pentland tẹ ìròyìn yìí jáde. Aago ìsinmi ni wọ́n sún.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú torí ohun tó dá mi lójú nìyí: àkókò tí àwọn ọ̀gá ń pè ní òfò ló ń so òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ra, bí wọ́n bá sì gé e kúrò, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n gé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹyin tẹníìsì orí tábìlì ni wọ́n fi ṣẹ́ gègé àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ látilé ní iléeṣẹ́ kan ní Ṣáínà? Iléeṣẹ́ náà ni Ctrip, tó ń ṣètò ìrìn àjò ní Shanghai. Lọ́dún 2010, James Liang, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè dín owó ilé kù nípa fífi àwọn tó ń gbé ìpè sílé wọn. Òun àti Nicholas Bloom, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, jọ dán an wò. Òṣìṣẹ́ 249 tó yọ̀ǹda ara wọn ló kún ojú ìwọ̀n. Liang ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò gègé, ohun tó sì mú jáde ni pé àwọn tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹfà oṣù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò máa ṣiṣẹ́ nílé, ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn yòókù dúró sí ọ́fíìsì.

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wò ó. Iṣẹ́ àwọn tó wà nílé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn tó ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn dínkù dé ìdajì. Owó wọlé fún iléeṣẹ́, àlàáfíà dé bá òṣìṣẹ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò tán, tí wọ́n ní kí kálukú yan èyí tó wù ú, bí ìdajì àwọn tó ti wà nílé ní àwọn fẹ́ padà sí ọ́fíìsì. Wọ́n mọ̀ pé ìyẹn túmọ̀ sí wíwọ ọkọ̀ lọ, wíwọ ọkọ̀ bọ̀. Ìdí tó ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn dá wà jù. Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí ohun kan tó dùn mí láti kà: bí ẹni tó wà nílé àti ẹni tó wà ní ọ́fíìsì bá jọ mọ iṣẹ́ bákan náà, ẹni tó wà nílé kì í tètè rí ìgbéga.

Àmọ́ ká má rò pé ilé nìkan ni ìdánìkanwà ń gbé. Lọ́dún 2024, àjọ Gallup ròyìn pé ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ márùn-ún káàkiri àgbáyé sọ pé ìdánìkanwà bá òun fínra gan-an lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbéèrè náà. Láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé pátápátá, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni; láàárín àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ìdá 16. Ìdá 16 yìí ni kò jẹ́ kí n sinmi. Àwọn wọ̀nyí jókòó sáàárín èrò. Wọ́n ń gbọ́ ìkọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n mọ irú ọbẹ̀ tó gbé wá lọ́sàn-án, síbẹ̀ wọn kò lẹ́ni tí wọ́n lè sọ fún pé ara ọmọ àwọn kò yá.

Ṣé o mọ̀ pé tí wọ́n bá wó ògiri ọ́fíìsì, àwọn èèyàn lè dákẹ́ sí i ni? Ethan Bernstein àti Stephen Turban láti Yunifásítì Harvard tọpa iléeṣẹ́ ńlá méjì tó wó ògiri láàárín òṣìṣẹ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ àfikọ́rùn ni wọ́n fi wọn ìtàkùrọ̀sọ ṣáájú àti lẹ́yìn. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2018, ọ̀rọ̀ ojúkojú fi bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, ímeèlì ló pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn gbayawu bẹ́ẹ̀ rí kò ní béèrè ìdí. Gbogbo etí ló ń gbọ́ ohun tí o bá sọ, gbogbo ojú ló ń wo ẹni tó dúró tì ọ́, nítorí náà èèyàn á ki nǹkan bọ etí, á tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ àṣírí nílò igun tó fara sin díẹ̀, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lọ forí korí lẹ́yìn ilé.

Síbẹ̀, ìsúnmọ́ra ṣe pàtàkì. Thomas Allen, ti MIT kan náà, fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1977 pé bí ìjókòó ẹnjiníà méjì bá ṣe jìnnà síra wọn tó ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń dínkù tó. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 50, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé.

Ṣé o mọ̀ pé ọpọlọ máa ń ka ìpatì mọ́ ìrora? Kipling Williams, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, jókòó pẹ̀lú ajá rẹ̀ nínú ọgbà ìtura kan nígbà tí àwo pẹrẹsẹ tí àwọn ọkùnrin méjì ń jù síra wọn bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jù ú padà. Wọ́n jù ú sí i, òun náà jù ú sí wọn, ó di eré ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ó ṣe díẹ̀, àwọn méjèèjì kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú síra wọn láìtún wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àjèjì ni wọ́n, kò mọ̀ wọ́n rí, síbẹ̀ ó ya ara rẹ̀ lẹ́nu bó ṣe dùn ún tó. Inú ìyẹn ló ti mú eré orí kọ̀ǹpútà kan jáde, níbi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù síni, tí wọ́n á sì ṣíwọ́ lójijì. Lọ́dún 2003, Naomi Eisenberger, Matthew Lieberman àti Williams gbé àwọn tó ń ṣe eré náà sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n pa èèyàn tì, apá ọpọlọ kan tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá ń roni ló gbéra sọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìwádìí mìíràn fi hàn pé bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ fún èèyàn pé kọ̀ǹpútà lásán ló ń bá ṣeré, ó ṣì máa ń dùn ún.

Bí kọ̀ǹpútà tí kò ní ẹ̀mí bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ síni, kí ni ká wá sọ nípa ìpàdé tí wọ́n ti fojú fo ìmọ̀ràn rẹ, tí ẹlòmíràn sì tún un sọ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un? Kí ni ká sọ nípa ẹgbẹ́ WhatsApp tí gbogbo ẹ̀ka wà nínú rẹ̀ àfi ìwọ?

Ìrora yẹn kì í dúró sínú orí. Lọ́dún 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 jọ, tí àwọn èèyàn inú wọn jẹ́ 308,849, wọ́n sì rí i pé àǹfààní àtiwà láàyè àwọn tó ní àjọṣe gidi pẹ̀lú èèyàn fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò ní lọ. Lọ́dún 2025, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ sọ pé ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni ìdánìkanwà ń dà láàmú, àti pé ó ní ọwọ́ nínú ikú nǹkan bí 871,000 èèyàn lọ́dún. Vivek Murthy láti Amẹ́ríkà àti Chido Mpemba, tó ti fìgbà kan jẹ́ aṣojú àwọn ọ̀dọ́ ní Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n jọ ṣe alága ìgbìmọ̀ náà.

Ohun kan wà nínú ìròyìn wọn tó yẹ kí gbogbo wa gbé yẹ̀ wò. A ti máa ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ wa pé àìsàn òyìnbó ni ìdánìkanwà, pé ẹni tó ní ẹbí, tó ní ẹgbẹ́, tó ní ìjọ, tó ń gbé ojúlé tí èrò kún, kò lè mọ̀ ọ́n. Ìròyìn náà ní bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré ló ní ìdánìkanwà ń bá àwọn jà. Ní orílẹ̀-èdè olówó, bí ìdá 11 ni. Ìlọ́po méjì! Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti kọjá afárá dé ibi iṣẹ́, tó ń padà wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn, kò ní àsìkò tí yóò fi jẹ́ ará ilé ẹnikẹ́ni. Ẹbí wà lóòótọ́. Wákàtí tí wọn yóò fi ríra wọn ni kò sí.

Àwọn ìjọba kan ti gbé ìgbésẹ̀. Ìlú Ọba yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, láti máa bá iṣẹ́ tí Jo Cox, ọmọ ilé aṣòfin tí wọ́n pa lọ́dún 2016, ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Japan náà yan tirẹ̀ ní 2021.

Ṣé o mọ̀ pé wákàtí ni wọ́n fi ń wọn ọ̀rẹ́? Jeffrey Hall ti Yunifásítì Kansas ṣèwádìí lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tuntun àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nínú ohun tó tẹ̀ jáde ní 2018, ó ní ó máa ń gba bíi wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ṣákálá, bíi 90 kó tó di ọ̀rẹ́, àti ohun tó lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ minú. Wákàtí tí ẹ fi jókòó síbi iṣẹ́ kan náà lásán kò fi bẹ́ẹ̀ kà. Èyí tẹ́ ẹ fi jọ jẹun, tẹ́ ẹ fi jọ rẹ́rìn-ín, tẹ́ ẹ fi jọ ráhùn ló ń kà.

Fi ìṣirò yẹn wo àwọn èèyàn wa tó ń tọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. Láàárín oṣù kejì ọdún 2022 sí ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun, ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù tó gbà á. Ẹni tó ń lọ láti ilé dé ilé kò ní ọ́fíìsì. Lórí fóònù ni yóò ti rí orúkọ àwọn tó fẹ́ bẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fún un nínú ilé kan, ó lè jẹ́ 15. Á wẹ ìyá àgbà, á fún wọn lóògùn, á po tíì fún wọn, á sì tún bọ́ sínú ọkọ̀ lọ sílé mìíràn. Àwọn tí wọ́n jọ gba owó oṣù láti àpò kan náà lè má mọ ojú ara wọn. Wákàtí 50 yẹn, ibo ni yóò ti kó o jọ? Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí olùtọ́jú tó gba físà náà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń lé ìdánìkanwà jáde nínú ilé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ ìdánìkanwà tirẹ̀. Mo kà á sí ìwà ìkà, mi ò sì rí orúkọ mìíràn tó tọ́ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé ìkòkò ọbẹ̀ lè sọ bí iṣẹ́ àwọn panápaná ṣe dára tó? Kevin Kniffin ti Yunifásítì Cornell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ panápaná 13 nínú ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba èsì lọ́wọ́ ọ̀gá 395. Níbi tí wọ́n ti jọ ń dáná, tí wọ́n jọ ń dáwó ọjà, tí wọ́n jọ ń jẹun, àwọn ọ̀gá sọ pé iṣẹ́ wọn dára jù. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kì í jọ jẹun ìdí tí wọn kò fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú tì wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìdáhùn náà ju ti oúnjẹ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ń wé sìgá ní Havana, ní Kúbà, fi owó ara wọn gba ẹni tí yóò máa kàwé sí wọn létí? Ọdún 1865 ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ El Fígaro. Ojú wà lára ewé tábà, ọwọ́ ń yí i, ẹni tó ń kàwé jókòó sókè níbi tí gbogbo wọn yóò ti gbọ́ ọ. Á ka ìwé ìròyìn, á ka ìtàn àròsọ, òṣìṣẹ́ ló sì ń dìbò yan ìwé tí wọ́n fẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Paris àti Madrid, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí lójú ọ̀nà ilé. Ìjọba Spain, tó ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, rí i pé àwọn tó ti jọ ń gbọ́ ìtàn kan náà lè jọ béèrè ẹ̀tọ́ kan náà; lọ́dún 1866 wọ́n fòfin dè é. Àṣà náà padà dìde. Sìgá Montecristo gba orúkọ rẹ̀ lára ìwé Alexandre Dumas tí àwọn awésìgá fẹ́ràn láti máa gbọ́. Nígbà tí àwọn ará Kúbà kó iṣẹ́ yìí lọ sí Tampa ní Florida, wọ́n kó òǹkàwé dání. Lọ́dún 1931, àwọn onílé iṣẹ́ ibẹ̀ lé àwọn òǹkàwé jáde, rédíò ni wọ́n fi dípò wọn. Rédíò kì í dúró kí ẹnikẹ́ni béèrè ìbéèrè.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù lọ ni ti àwọn aláàárù Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Brazil. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Áfíríkà ló ń fi èjìká gbé gbogbo ẹrù ìlú náà: àgbá ọtí, àpò ṣúgà, àga tí olówó jókòó sí. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn mìíràn ti ra ara wọn padà. Ẹrú tó ń ṣe aláàárù gbọ́dọ̀ máa san iye kan fún olúwa rẹ̀, kó tó mú èyí tó ṣẹ́kù. Àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá tiwa, ló pọ̀ jù láàárín wọn. Wọ́n ti jí wọn gbé kúrò láàárín ẹbí, wọ́n ti gba orúkọ lẹ́nu wọn. Ní ìkóríta tí wọ́n ti ń dúró de iṣẹ́, wọ́n da ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, canto lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní balógun tó ń bá oníbàárà ná owó, tó sì ń pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí kò bá sí iṣẹ́, wọn kì í tú ká: wọ́n á hun ẹní, wọ́n á hun fìlà koríko, wọ́n á fárí fúnra wọn, àwọn obìnrin á gbé ẹ̀kọ mímu gbígbóná wá.

Òǹkọ̀wé ọmọ Bahia kan, Manuel Querino, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi balógun jẹ. Wọ́n á wá àgbá, wọ́n á pọn omi òkun kún inú rẹ̀, wọ́n á fi okùn àti ọ̀pá gígùn gbé e, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ á sì gun orí rẹ̀, ẹ̀ka igi lọ́wọ́ kan, ìgò ọtí lọ́wọ́ kejì. Báyìí ni wọ́n á ṣe gbé e yí àdúgbò ká. Ẹrù tó ń dá wọn lẹ́jìká lójoojúmọ́ ni wọ́n sọ di ìtẹ́ oyè.

Lọ́dún 1857, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé kí aláàárù kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀, kó sanwó, kó sì máa gbé àmì onírin kọ́ ọrùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, kò sẹ́ni tó gbẹ́rù. Ẹrú àti ẹni òmìnira jọ dákẹ́ sílé, ọjà dúró gbagidi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn ìwé ìròyìn ń pariwo. Ìjọba fagi lé owó náà. João José Reis, òpìtàn Bahia, ti kọ̀wé lórí ìyanṣẹ́lódì yìí. Ọ̀rọ̀ tó lè tètè kárí gbogbo ìlú bẹ́ẹ̀ láìsí fóònù, àfi kó jẹ́ pé ìkóríta wọ̀nyẹn ló gbé e. Ẹni tó bá mọ àárò àti èsúsú yóò mọ ojú ẹ̀kọ́ náà: wọ́n tún ń dáwó jọ sínú àpótí, tí wọ́n fi ń ra ara wọn padà kúrò lóko ẹrú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan nínú àwọn aláàárù wọ̀nyẹn, Manuel Victor Serra, tó ti gba òmìnira, ti pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1832, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣàìsàn, tí yóò sì sin ẹni tó bá kú. Sociedade Protetora dos Desvalidos ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní Salvador títí di òní.